Ọkọ̀ Ọlọ́lá Àlòkù àti Ọ̀nà Kétu

Ní ilẹ̀ wa, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ̀, ẹni tó bá ra ọkọ̀ kò rà á fún ara rẹ̀ nìkan. Ìdílé ń wò ó, àdúgbò ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń fi ojú ará ìta yan ọkọ̀, dípò kí wọ́n fi ara ẹni tí yóò jókòó sínú rẹ̀ yàn án. Àwa ọmọ ìyá mẹ́rin fẹ́ sọ bí a ṣe yan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọlọ́lá kan tí àwọn mìíràn ti lò rí, bóyá yóò wúlò fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ra tiwọn lọ́la.

Kì í ṣe afẹ́ ni ó gbé wa dé ìdí ọkọ̀ ọlọ́lá. Ìyá wa, tí ń gbé ní Kétu, ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì kán. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Kútọnu, dókítà sì ní kí wọ́n máa padà wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ọ̀nà náà, láti Kétu gba Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, lé ní 120 kìlómítà. Nínú takisí tí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje há sí, kò sí kòtò ojú ọ̀nà tí kì í dun ìyá wa wọ egungun. Lẹ́yìn ìrìn àjò kẹta, wọ́n ní àwọn kò lọ mọ́. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí ìtọ́jú bá dúró, ó ṣeé ṣe kí ìyá wa má fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. A gba owó èésú wa, a fi èyí tó wà nílé kún un, ó di 3,000,000 fránkì. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́ kọjá mọ àwọn pápá ọkọ̀ tó wà ní ìhà Sẹ̀mẹ̀ àti Ekpè. Ọkọ̀ òkun ni ó ń kó wọn wá láti Yúróòpù, àti láti èbúté Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè wọ́n ní tòkunbọ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà ni wọ́n ń kọjá sí. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, ọjà náà tutù gidigidi. Bí ibodè bá ṣe rí ni owó ọkọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Nítorí náà, a kò fi iye tí wọ́n ń pè wọn dídára ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti rí èyí tó wù wọ́n láti ọjọ́ kìíní: Mercedes S-Class ti ọdún 2001, dúdú, tí ń dán gbinrin. Iye rẹ̀ jẹ́ 2,800,000. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, ariwo ọjà kò wọlé mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Ṣé ọkọ̀ tí kò ní gbọn ìyá wa ni à ń wá? Òun nìyí.” Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè jiyàn pé ọkọ̀ náà kò tura.

Bàbá mẹ́káníìkì tí a mú lọ kò jiyàn náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe irin ni ó gbé èyí dúró. Afẹ́fẹ́ ni.” Àpò rọ́bà wà ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn, kọ̀ǹpútà sì ń ṣọ́ bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Nígbà tí ó wà ní tuntun, ohun àrà ni. Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa gbó. Bí àpò kan bá lu, ọkọ̀ yóò lọ sílẹ̀ ní ìhà náà. Bí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bá kú, gbogbo rẹ̀ lè sùn sílẹ̀. Ní ọ̀nà oníyanrìn tó wọ agbolé wa, ibi tó bá sùn sí ni yóò wà. A béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe ní Kétu. Bàbá ní, “N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Kútọnu ni ẹ ó wọ́ ọ dé.”

Ní pápá kejì, a rí Mercedes 250 D ti ọdún 1991, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní W124. Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ọ̀gá ni. Sípíríǹgì irin ni ó gbé e dúró, ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísìlíńdà márùn-ún rẹ̀ kò sì nílò kọ̀ǹpútà. Iye rẹ̀ jẹ́ 1,750,000.

A padà lọ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Bàbá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ẹ̀ńjìnnì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tí ń tà á ti tan án ṣáájú kí a tó dé. Wọ́n wo èéfín: èyí tó ní àwọ̀ aró ń fi hàn pé ẹ̀ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ̀ńjìnnì ti gbóná, pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Wọ́n ṣí ìdérí ọ́ìlì, bóyá ó ti dà bí ògì. Wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, bóyá omi ti mu ọkọ̀ náà rí. Wọ́n wo táyà, bóyá apá kan jẹ ju èkejì lọ. Wọ́n fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé. Ó gba wákàtí méjì. Inú ẹni tí ń tà á kò dùn. A bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n a kò yára.

Lẹ́yìn náà ni ó kan tiwa. A ti fi okùn wọn gíga àga tí ìyá wa lè jókòó lé, tí wọ́n sì lè dìde kúrò lórí rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́. Okùn náà ni a mú lọ. Ìjókòó iwájú rẹlẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Tìmùtìmù kan tó láti dí i. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ibi ẹrù, tó jẹ́ 520 lítà, gba àga onítáyà tí a ká pọ̀, ó sì tún gba àpò gàrí.

Àbúrò wa obìnrin béèrè pé kí ló dé tí a kò ra Corolla. Ìbéèrè tó dára ni, nítorí epo rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí ìlú tí a kì í ti rí ẹni tún un ṣe. A wa méjì nínú èyí tí owó wa ká gba ojú ọ̀nà tó bàjẹ́; àwọn méjèèjì gbọ̀n wá ju 250 D lọ. Ní ti W124 onípẹtiróòlù, bàbá kìlọ̀ pé ìbòrí wáyà ẹ̀ńjìnnì àwọn ti 1993 sí 1995 a máa jẹrà nítorí ooru. Pẹ̀lúpẹ̀lú, láti oṣù Karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo kò pọ́ọ́kú mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Báyìí ni a ṣe ra 250 D. Ó ku 1,250,000 lọ́wọ́ wa. A fi ra táyà mẹ́rin, bátìrì àti rọ́bà abẹ́ ọkọ̀. A san owó ìwé ọkọ̀ àti ti adójútòfò. Nǹkan bíi 500,000 tó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ àbúrò wa obìnrin, a sì fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá a. Bí ó bá jẹ́ S-Class ni, 200,000 ni ìbá kù fún ohun gbogbo.

Ní oṣù keje, sípíríǹgì ẹ̀yìn kan ṣẹ́ nítòsí Pobẹ̀, ìyá wa sì wà nínú ọkọ̀. A rọra wọ ìlú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò tú òmíràn lára ọkọ̀ tó ti kú, ó sì fi sí i kí oòrùn tó wọ̀. 15,000 fránkì ni a san. Ọjọ́ kejì ni a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n a dé ibẹ̀.

A kò sọ pé ọkọ̀ náà kò ní àbùkù. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kò tutù mọ́, títún un ṣe sì gba kí a tú gbogbo iwájú inú ọkọ̀. Fèrèsé ni à ń ṣí. Nígbà òjò, ó rẹlẹ̀ jù fún ọ̀nà agbolé wa, a ó gbé e kalẹ̀ létí ọ̀nà ọ̀dà, àwọn ọmọ ilé yóò sì gbé ìyá wa lórí àga wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì gbà pé ọkọ̀ náà kò bá ipò ìdílé mu, wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ síhìn-ín bẹ́ẹ̀. A kò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọlá ìdílé kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Kí ẹni tí ń wá irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ béèrè: ta ni yóò wọ̀ ọ́, ọ̀nà wo ni yóò máa gbà, ta ni yóò tún un ṣe níbi tó bá dákú sí, èló ni yóò sì kù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí a bá san owó tán? Ìrọ̀rùn tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí, yíyá ni a yá a. Ní oṣù tó kọjá, ìyá wa fi ọ̀pá rìn dé ọjà Kétu lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin tí a ó tún gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.