Ọmọ Tí A Sọ Lórúkọ Tí Káńsù Kò Mọ̀

Kò sí oníṣòwò tí kò mọ káńsù ní Ndokoti. Ní ìkòríta wa yìí ní ìlú Douala, níbi tí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bensikin ti ń fun fèrè láti àárọ̀ dalẹ́, òṣìṣẹ́ káńsù a máa wá bá wa nídìí ìsọ̀. Wọn a já tíkẹ́ẹ̀tì, a ó sanwó, wọn a sì bá tiwọn lọ. Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó pàtẹ sétí títì kó kúrò, ariwo a sọ, ọjà a sì tú ká. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kálukú a ti padà sáyè rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbí, káńsù kò ju agbowó àti alélé lọ.

Èrò yìí ń ṣe wá ní jàǹbá, nítorí káńsù kan náà ló ń kọ ọmọ wa sílẹ̀ nígbà tí a bá bí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àkóso ibí ṣe rí. Douala ní olú káńsù kan fún gbogbo ìlú, ó sì tún ní káńsù mẹ́fà fún àwọn ẹkùn rẹ̀. Ti ẹkùn Kẹta ló ni Ndokoti. Láti ọdún 2020 ni àwọn káńsẹ́lọ̀ ti ń dìbò yan méyọ̀ fún gbogbo ìlú. Kó tó dìgbà náà, aṣojú tí ààrẹ orílẹ̀-èdè bá yàn ló ń wà níbẹ̀. Olórí àdúgbò ló sún mọ́ wa jù. Òun là ń lọ bá bí aládùúgbò méjì bá ń jà lórí omi ìdọ̀tí. Àlejò ni wá, a kì í dìbò. Ṣùgbọ́n pé a kì í dìbò kò ní kí ọmọ wa má ní ìwé ìbí.

Nílé, Àjọ Ìkànìyàn ló ń kọ ìbí ọmọ sílẹ̀. Ní Cameroon, méyọ̀ ni òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ikú. Ìwé tí wọ́n bá ti ibẹ̀ fún ọ ni iléèwé yóò béèrè, òun náà ni aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní Douala yóò béèrè bí o bá fẹ́ gba páálí ìrìnnà fún ọmọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní àgbàlá wa. Mo wà níbi ìkómọ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ: oyin, iyọ̀, obì, orógbó, gbogbo rẹ̀ ló pé, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ tó méje. Nígbà tó dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ní kó mú ìwé ìbí wá kí wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kò sí. Òfin ọdún 2011 tó wà nígbà tí wọ́n bí i fún òbí ní 90 ọjọ́. Bí ó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ kí wọ́n kọ ọmọ náà sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri: lónìí dókítà tí yóò fojú díwọ̀n ọjọ́ orí ọmọ, lọ́la ẹlẹ́rìí, lọ́tùn-ún kóòtù. Ìdánwò kò dúró dè é. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí iléèwé girama, òun tún kíláàsì kan náà ṣe, bẹ́ẹ̀ ipò kejì ló máa ń gbà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé, “Gbogbo ayé la pè wá jẹun lọ́jọ́ ìkómọ yẹn. Akọ̀wé káńsù nìkan la ò rántí.”

Kí ló fà á tí a kì í fi í lọ? Àwọn kan kò gbọ́ Faransé, wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi wọ́n léèrè ìwé ìgbélùú. Àwọn kan ní àwọn ò ní pẹ́ padà sílé, wọ́n sì ti lo ogún ọdún níbí. Àwọn mìíràn rò pé bí káńsù Cameroon bá ti kọ ọmọ sílẹ̀, ó ti di ọmọ Cameroon nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ìwé ìbí kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun gan-an ni ẹ̀rí pé ìwọ lo bí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí àwọn bàbá gbọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ìgbéyàwó ìdílé nìkan la ṣe nílé, a kò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìwé ìgbéyàwó, bàbá ní láti yọjú fúnra rẹ̀ síwájú akọ̀wé, kó sọ pé òun ló ni ọmọ, kí ìyá fara mọ́ ọn, kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ránṣẹ́ lásán kò rí nǹkan ṣe.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá níbi gbogbo ni pé kí ìkómọ má ṣe tú ká láìjẹ́ pé a ti yan ẹni tí yóò bá òbí mú ìwé ilé ìwòsàn lọ sí káńsù, ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ dáadáa. Òfin tuntun jáde níbí ní oṣù December 2024, nítorí náà ẹnu káńsù ni kí a ti gbọ́ iye ọjọ́ tó wà báyìí, kì í ṣe ẹnu ará ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nílé, tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Douala, Cotonou, Lomé tàbí Abidjan, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n bímọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tí ẹ ti súre, ẹ bi wọ́n pé ìwé ìbí ńkọ́. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ àlejò, ìjánu náà ní láti wà lórí ìwé.