Ọpọlọ ni mo wí, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wárápá gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀ láàárín ọjà Ayétòrò. Àwọn èèyàn sá sẹ́yìn, wọ́n ní itọ́ ẹnu ẹ̀ á ràn wọ́n. Ẹnì kan tó tiẹ̀ láàánú lọ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ni eyín iwájú bá kán. Ọmọ ọdún 14 ni. Títí dòní, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mò ń kàwé ní Ìlaròó wá ní kí n ra ìwé Yorùbá tó ṣàlàyé wárápá fún màmá mi. Mo yí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tàwé ká. Ìwé àdúrà wà. Ìwé òwe wà. Ìwé nípa ọpọlọ? Kò sí.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Ní 1963, Cornell University Press l'Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde, Psychiatric Disorder among the Yoruba. Ẹ ò rí i, orúkọ wa ló wà lára èèpo ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ṣètò pé káwọn aláìsàn Aro máa gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Agbègbè Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn ará abúlé lẹ́nu wò. Mi ò bá Lambo jà o, ọ̀gá ni. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá àti ìyá tó dáhùn ìbéèrè ńkọ́, kí ni wọ́n rí kà?

Mo bá kọ tèmi, ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé 8. Nọ́ọ̀sì kan bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wárápá kì í ràn. Iná mànàmáná kéékèèké làwọn ẹ̀yà tíntìntín inú ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara á máa gbọ̀n. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wo aago: tó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ó di ọsibítù.

Ìtẹ̀wé gan-an ni wàhálà. Kọ̀ǹpútà wọn sọ gbogbo àmì ohùn di àpótí kékeré. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ká kúkú yọ ọ́, ṣebí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá sí àmì, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọpọlọ ni mo wí, tí kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi ń pààrọ̀ lẹ́tà. Owó oúnjẹ mi lọ síbẹ̀, ẹ̀dà 100.

Màmá mi ka tiẹ̀ sókè, àbúrò mi jókòó tì í. Nígbà tó dé "kì í ràn," ó tún un kà. Ó yọ awò ojú ẹ̀.

"Ta ló ti mọ èyí látọjọ́ yìí, tí ò sọ fún wa?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó kó 20 lọ sọ́jà, ẹ̀gbẹ́ iṣu ẹ̀ ló tò wọ́n sí.

Ó ku 31 lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wà ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, ẹ wá sí inbox. Ọ̀fẹ́ ni.