Píà Aláúsá àti Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọba Akran lè kà á tán kó tó dé Àgége.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi mí nínú inbox pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí oko píà tí mo fi odidi ọdún 2021 pariwo lórí pẹpẹ. Àwọn mìíràn ò bi mí, wọ́n kàn ń wò mí ni. Mo ti sọ díẹ̀ níbẹ̀ nínú ìpàdé àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ gbangba ni mo ti kéde rẹ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé níbi tí mo ti kéde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá sílé wa ní Aláúsá mọ igi píà tó wà lẹ́yìn ilé. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti Àgídìńgbì, òórùn kòkó Cadbury á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá onílé wa ló gbìn ín, kí a tó kó débẹ̀. Píà rẹ̀ tóbi, awọ rẹ̀ ń dán, omi pọ̀ lára rẹ̀. Tí ẹ bá fi jẹ búrẹ́dì Àgége gbígbóná, ẹ ò ní rántí bọ́tà. Tí òjò bá ti wọlé, gbogbo ọmọ Sunday School ló máa ń mú tiwọn lọ sílé.

Lákòókò yẹn, ariwo píà Hass ló gba ìlú. Bàbá Ọbásanjọ́ pàápàá wà lára àwọn tó ń sọ pé kí Nàìjíríà gbìn ín fún títà sókè òkun, torí gbogbo wa rí ohun tí àwọn ará Kẹ́ńyà ń rí nídìí rẹ̀. Mo wo igi ẹ̀yìn ilé mi, mo ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó mà wà nínú àpò ṣòkòtò o!

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé Jọ́ọ̀sì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ẹni tó bá sì mọ ìtàn àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ̀ pé Jọ́ọ̀sì kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti ìgbà iṣẹ́ ìwakùsà àwọn òyìnbó ni àwọn bàbá wa ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lọ́nà Búkúrù. Mo ti gbọ́ pé Hass fẹ́ràn ibi tó tutù díẹ̀, Jọ́ọ̀sì sì ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bíi 1,200 mítà, nígbà tí Èkó tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Lójú tèmi, ó ti parí. Ilẹ̀ tútù wà, igi wà.

Èèyàn mọ́kànlá nínú ìjọ dá ₦60,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. A kó kóró píà ẹ̀yìn ilé jọ, àwọn ọ̀dọ́ gbìn ín sínú ọ̀rá, 120 ló hù dáadáa. Mo kéde láti orí pẹpẹ pé kí oṣù kẹwàá tó parí, gbogbo rẹ̀ á ti wà nílẹ̀.

Àbúrò mi pè mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ ká dúró di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Àti pé irú píà wo lẹ gbìn yẹn?" Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí irúgbìn ṣe ń hù?" Ó dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn lórí fóònù. Èmi sì ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí pé mo borí.

A kó igi náà lọ. Mo ta òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, mo ya fọ́tò, mo gbé e síbí. Ẹ̀yin náà tẹ like, ẹ kọ àmín tó pọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù kọkànlá, ọyẹ́ dé. Ẹni tí kò bá tíì rí ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì, tèyí tó ń dé Ìkẹjà yìí kì í ṣe ọyẹ́, eruku lásán ni. Lálẹ́, ó lè tutù dé nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá. Lọ́sàn-án, oòrùn á ràn, atẹ́gùn gbígbẹ á sì máa fà gbogbo omi tó wà lára nǹkan. Àbúrò mi ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìfi ọ̀rọ̀ kan sí i. Etí ewé kọ́kọ́ pọ́n, ó wá gbẹ bíi bébà tí iná rá, ewé wá ń já. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2022, 23 ló kù. Nígbà tí òjò padà dé, mẹ́sàn-án.

Ẹ wò ó, mo gbààwẹ̀ lórí igi yẹn. Mo tún bi ara mi bóyá ẹnì kan nínú àwọn tó dáwó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó fi pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rò ó. Mo dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Oṣù kẹta ni mo wọkọ̀ lọ fúnra mi. Àbúrò mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò rẹ̀, ọmọ Bẹ̀róòmù, tó ní igi píà méjì tó ń so lọ́dọọdún. Mo bi í pé òróró wo ló ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá, màmá náà wò mí, ó wá fi hàn wá bó ṣe ń tọ́jú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ó fi koríko ṣe àtíbàbà kékeré bò ó lórí, ó fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì ri ìkòkò amọ̀ olómi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí omi máa jò sí i díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló máa ń gbìn, kí gbòǹgbò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Kò ju ìyẹn lọ. Gbòǹgbò píà kì í jìn, òkè ilẹ̀ ló ń wà, tí òkè ilẹ̀ bá ti gbẹ, ó parí fún un. Kì í ṣe òtútù nìkan ló pa igi wa, èmi tí mo gbìn ín sínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó tì í láti kà nípa rẹ̀. Ìdílé mẹ́ta ni píà ní. Ti Mẹ́síkò gba òtútù jù, tí ẹ bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀, ó ń ta sánsán. Ti Guatemala tẹ̀ lé e. Ìkẹta, tí wọ́n ń pè ní ti West Indies, ilẹ̀ olóoru tó wà nísàlẹ̀ ló bá a lára mu, òun ni kì í lè fara da òtútù. Píà ńlá olómi, aláwọ̀ dídán, bíi ti ẹ̀yìn ilé mi, ìdílé yẹn ló fi jọ. Ní 1913, òtútù kan jà ní California tó pa ọ̀pọ̀ igi, àwọn kan tí wọ́n mú wá láti Mẹ́síkò ò kú, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Fuerte, ìyẹn "alágbára" lédè Spain. Hass ní tiẹ̀, ọwọ́ oníwèé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Rudolph Hass ló ti jáde ní California kan náà, ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1935. Igi ìyá rẹ̀ dúró títí di 2002 kí àìsàn gbòǹgbò tó pa á.

Ẹ sì gbọ́ èyí: tí ẹ bá gbin kóró Hass, ohun tó máa hù kì í ṣe Hass. Àfi kí ẹ lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ sára igi mìíràn. Nígbà tí mo ń ṣe dípúlómà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, mo kọ pépà ojú ewé méjìlá lórí Róòmù orí 11, lórí igi ólífì àti ẹ̀ka tí wọ́n lọ́ sára rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní máàkì dáadáa. Mi ò tíì fọwọ́ kan igi tí wọ́n lọ́ rí láyé mi. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ibi tó ti sọ bíi orúnkún lára igi.

Mo padà sí Èkó, mo pe àwọn mọ́kànlá náà jọ, mo sì sọ fún wọn pé Ọlọ́run ò rán mi, èmi ni mo rán ara mi. Mo ta jẹnẹrétọ̀ ilé wa, mo yá owó kún un. Èèyàn mẹ́jọ gba owó wọn, ₦480,000. Ìdílé kan nínú wọn gba owó, wọ́n sì fi ìjọ sílẹ̀. Wọn ò tíì padà, mi ò sì bá wọn wí.

Oṣù kẹfà ọdún 2022 la tún gbìn, àbúrò mi ló pàṣẹ, èmi ni mo ń gbé omi. Hass 60 tí wọ́n ti lọ́, àti Fuerte mẹ́fà láàárín wọn. Ìdí tí Fuerte fi wà níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Òdòdó Hass máa ń ṣí láàárọ̀ bí obìnrin, á pa dé, ọ̀sán ọjọ́ kejì á tún ṣí bí ọkùnrin. Ti Fuerte yí tiẹ̀ padà, ọ̀sán ló ń ṣe obìnrin, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ń ṣe ọkùnrin, kí oyin lè rí ohun gbé láti ọ̀kan sí èkejì. Tí òtútù bá pọ̀ jù, àkókò yẹn á dàrú. Nínú 60 yẹn, 41 ló wà láàyè. Ní 2025, wọ́n so èso àkọ́kọ́, mẹ́tàdínlógún péré. Ìwé owó gbogbo wà lọ́wọ́ akọ̀wé àwọn ọkùnrin, ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó dúró lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Nínú àwọn mẹ́ta tí kò gba owó wọn, màmá kan wà tó ń ta àkàrà ní Àgége. Owó àjọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀, opó sì ni. Nígbà tí mo gbé owó rẹ̀ lọ, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n ti kú tán ni?" Mo ní rárá, ó ku mẹ́sàn-án. Ó ní kí n máa gbé owó náà lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Pásítọ̀, píà mi ńkọ́?"

Mo mú méjì lọ fún un nínú mẹ́tàdínlógún yẹn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó mà kéré o, ó sì fi sínú gàárì kó lè rọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà ó pè mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Pásítọ̀, ẹ má bínú, ó ti dúdú. Ó ti bàjẹ́." Mo ní, "Màmá, bó ṣe ń pọ́n nìyẹn, ẹ là á." Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Ó dùn o. Ṣùgbọ́n tẹ̀yìn ilé yín ṣì tóbi jù ú lọ."