Láti Ọ̀dọ̀ Ológò Dé Orí Fóònù: Iṣẹ́ Ìmọ̀ràn Ọ̀fẹ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wa ní Ọ̀wọ̀: ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, àti ọ̀rọ̀ gbèsè. A kì í gba kọ́bọ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Páralígà ni wọ́n ń pè wá: ẹni tó mọ òfin níwọ̀n, tó mọ ọ́fíìsì tó yẹ kí ọ̀rọ̀ dé, tó sì lè bá ẹni tí nǹkan rú lójú jókòó títí yóò fi yé e. Àwọn kan rò pé àwọn òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ yìí wá. Rárá o. Gbèsè ti wà nílẹ̀ yìí kí lọ́yà tó dé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń bá onígbèsè wá ọ̀nà àbáyọ.

Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó kọ parí ní 1897 àmọ́ tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Bí gbèsè bá pẹ́ jù nílẹ̀, olówó á rán ológò. Ológò á wọ agbo ilé onígbèsè, á wá ibì kan jókòó sí, á máa pariwo, á máa bú tilé-toko, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, á sì ki adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò kàn án bóyá onígbèsè ló ni ín. Ìtìjú náà kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀ nínú agbo ilé, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń sáré dá owó jọ. Ẹlòmíràn á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán nìyẹn. Owó tí wọ́n yá wà níbẹ̀, kò dín. Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹnì kan máa ń dúró láàárín, onígbọ̀wọ́ tàbí àgbà ilé, tí yóò bá olówó sọ ọ́ pé kó ní sùúrù, kó jẹ́ kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni yẹn ni mo kà sí bàbá iṣẹ́ wa.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó gbé kóòtù àti ìwé dé, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé ní láti sanwó fún akọ̀wé tó gbé tábìlì síta lẹ́bàá kóòtù, kó tó lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ajẹ́lẹ̀. Àwọn akọ̀wé gidi wà nínú wọn. Àwọn mìíràn ń kọ ohun tí oníbàárà kò sọ. Òfin kan tó jáde ní 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí akọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé tó bá bá wọn kọ, kó sì ti kà á, kó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ìlànà yẹn kò tíì kú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí màmá kan tí kò mọ̀wé bá gbé ìwé owó yíyá wá, tí àmì àtàǹpàkò wọn wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ìwé ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ta ló kà á fún wọn? Orúkọ rẹ̀ dà? Bí kò bá sí níbẹ̀, a ti rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìrànwọ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ́ kó tó dé. Ní 1974 ni àwọn lọ́yà bíi Chimezie Ikeazor, Débọ̀ Àkàndé àti Solomon Lar kó ara wọn jọ láti máa bá tálákà rojọ́ láìgbowó. Ní 1976, ìjọba ológun ṣe òfin tó dá Legal Aid Council sílẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀daràn ló gba ipò iwájú nínú òfin yẹn. Ẹni tí wọ́n ń lé kúrò nínú yàrá tàbí tí wọ́n jẹ ní gírátúítì kò rí ibi sá sí. Òfin 2011 ló la ọ̀nà: ó fi ìmọ̀ràn lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn kún un, ó sì fàyè gba páralígà tó ti gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni ìrànwọ́ náà wà fún. ₦18,000 ni owó yẹn ní 2011, ó di ₦30,000 ní 2019, ó wá di ₦70,000 ní 2024. Ìyá tó ń tajà tí èrè rẹ̀ fi díẹ̀ lé e, ṣé ó lè sanwó lọ́yà? Kò lè ṣe é. Ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ aláàánú bíi tiwa wà fún.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí èyí, torí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ òfin wà lára iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń ṣe. Ọdún wọn kì í pẹ́ parí ni.

Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ṣe kí n tó wọ iṣẹ́ páralígà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe àìlẹ́tọ̀ọ́ ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn pàdánù. Ìwé ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mú jáde. Wọ́n á ká lẹ́tà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa gbàdúrà lé e lórí, títí ọjọ́ á fi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Pólì sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1979, yàrá ti di ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń dé lọ́dọọdún, onílé á sì fẹ́ kí ayálégbé tó ti pẹ́ jáde kí òun lè gba owó tuntun. Lẹ́tà ìlénijáde tí mo máa ń rí, orí ìwé tí wọ́n ya lára ìwé ọmọléèwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: “Jáde kí oṣù yìí tó parí.” Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje tún wà, kí onílé tó gba kóòtù lọ. Onílé kò láṣẹ láti ṣí páànù tàbí fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé. Mo sì máa ń sọ fún ayálégbé pẹ̀lú pé òfin yìí kò pa owó ilé tó jẹ rẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé wa, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ni, yàrá mẹ́rin yẹn ni wọ́n fi ń jẹun.

Ti owó ìfẹ̀yìntì gùn, sùúrù ló sì ń gbà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí gbogbo opó mọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pọ̀ ní Ọ̀wọ̀ nítorí ilé ìwòsàn FMC. Bí irú wọn bá kú lẹ́nu iṣẹ́, òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ti ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí sílẹ̀ fún wọn, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Kí ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹbí sọ pé àbúrò ọkọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí “next of kin” ni arólé. Ìyẹn kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ pè ni.

Gbèsè ló gba ọkàn mi jù. Màmá kan tó ń ta gàrí ní Ìfọ́n gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan wá. Káàdì àjọ, ìwé owó gbómú-lé-lántà láti ọ̀dọ̀ ayánilówó mẹ́ta, ìwé owó ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ wà papọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń yá ti ibì kan san ti ibì kejì. Lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ ni wọ́n gba àwọn owó yẹn, nítorí náà ojú àwọn obìnrin tó dúró fún wọn ni wọ́n ń sá. Ọlọ́pàá ti wá wọn wálé. Èmi àti màmá kọ gbogbo rẹ̀ sórí tákàdá kan: ta ni, èló ni wọ́n gbà, èló ni wọ́n ti san, èló ni wọ́n ń bù lé e lọ́sẹ̀. Oúnjẹ àti owó ilé ni a kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Èyí tó kù la pín fún àwọn ayánilówó, a sì kọ lẹ́tà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí màmá ti san ju ohun tí wọ́n yá lọ, a bẹ ayánilówó kó pa èlé rẹ̀ rẹ́. Méjì gbà. Ẹ̀kẹta ṣe agídí, àmọ́ ó fi ọjọ́ kún un. Ní ti ọlọ́pàá, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, irú bíi gbèsè, tàbí torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹ̀dà ojú ìwé yẹn wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo.

Àwọn ọ̀dọ́ ló wà nínú ọ̀fìn tuntun, ìyẹn owó yíyá lórí fóònù. Ológò àtijọ́, agbo ilé kan ṣoṣo ló ń dà láàmú. Ti orí fóònù ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹni, àna ẹni, àti pásítọ̀ ẹni. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹ má pa á rẹ́, òun ni ẹ̀rí.

Irú iṣẹ́ wa yìí wà níbòmíràn náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 4 oṣù Kẹsàn-án 1939, ọjọ́ kejì tí wọ́n wọ ogun, ni wọ́n ṣí ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ káàkiri, àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham sì ń jàǹfààní rẹ̀ títí di òní. Ní Sierra Leone, òfin 2012 ní kí páralígà wà ní gbogbo ìlú olóyè. Ọ́fíìsì Legal Aid Council tiwa, Àkúrẹ́ ló wà. Ẹni tó bá ń ti Ìdó-Àní tàbí Òkèlúsè bọ̀, owó ọkọ̀ nìkan á ti kọjá agbára rẹ̀.

Ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin alága Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ẹ fún iṣẹ́ yìí ní yàrá kan ní sẹkitéríàtì Ọ̀wọ̀, kan ní Ìfọ́n, tábìlì kan àti páralígà méjì méjì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní lẹ́tà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e wá lọ́la.