Àwọn Tó Ṣáájú Dà?

Ní Mowé níbi tí mò ń gbé, bí òbí méjì bá pàdé létí pápá nírọ̀lẹ́, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ti akádẹ́mì. Èwo ni jẹ́sì rẹ̀ dára jù? Kóòṣì wo ló mọ òyìnbó? Líìgì ta ni wọ́n ti ń wá wo ọmọ rà? Bàbá tí kò mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé á ka iye góòlù tí ọmọ náà ti jẹ láti oṣù Kíní fún ẹ. Ọmọkùnrin mi kejì á pé ọdún 12 lóṣù Kẹwàá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń dá èrò ọ̀nà dúró. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n jáde lọ fojú ara mi wo àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kí n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìbejì, aládùúgbò wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń gbá bọ́ọ̀lù, ní òun á bá mi lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú dání: àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, níbo ni wọ́n wà báyìí?

Ìbàfò la kọ́kọ́ gbà lọ. Kórópe la wọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé Mowé sí Ìbàfò kò jìnnà rárá bí ọ̀nà bá dá. Àmọ́ tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ń ya lọ sí Kámpù Ridíìmù, kéèyàn jókòó sílé ló sàn. Àárọ̀ Sátidé ni tiwa, a sì tètè dé.

Ẹ̀yìn ilé ìwé kan ni pápá náà wà, ilẹ̀ pupa tí kò ní koríko kan. Ọparun ni òpó góòlù, àwọ̀n ò sí níbẹ̀. Àwọn ìyá jókòó sábẹ́ agboòrùn obìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń pariwo orúkọ ọmọ wọn ju fèrè kóòṣì lọ. Ìbàfò ni Prayer City ìjọ Mountain of Fire wà, ìjọ náà ló sì dá MFM FC sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó gbé ipò kejì nínú líìgì àgbà Nàìjíríà ní sáà 2016/17, tó sì gbá Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní 2018. Ẹgbẹ́ náà já bọ́ kúrò ní líìgì àgbà ní 2022, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì ń tajà fún àwọn ẹlòmíì. Kò sí kóòṣì tí a bá sọ̀rọ̀ lágbègbè yẹn tí kò sọ pé òun ní èèyàn níbẹ̀.

Kóòṣì tí a wá rí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó fa fóònù yọ, ó fi fọ́tò ọmọkùnrin kan hàn wá ní pápákọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú báàgì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ọlọ́run á túbọ̀ gbè é. Àwọn yòókù ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n wà ńlẹ̀.” Ibi tí wọ́n wà nílẹ̀ náà ni mo fẹ́ mọ̀, kò sì rí i sọ. Ló bá yí ọ̀rọ̀ padà, ó bi mí léèrè ọjọ́ orí ọmọ mi. Mo ní ó ń lọ sí méjìlá. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká kọ ọ́ sí mẹ́sàn-án.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ọmọ á ní èyí tí ìyá rẹ̀ bí i sí, á sì ní èyí tí kóòṣì bí i sí. Wọ́n rò pé ọmọ tó bá kéré nínú ìwé ni òyìnbó á fẹ́, wọ́n sì ti gbàgbé ọdún 2009. Orílẹ̀-èdè wa ló gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ lọ́dún náà. Kódà wọ́n gbá nínú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ìdíje yẹn ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò. Egungun tó wà níbẹ̀ máa ń ní àlàfo níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dàgbà. Bó bá ti so pọ̀ pátápátá, dókítà ò ní ka ìwé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Bàbá Ìbejì gbọ́ mẹ́sàn-án tí kóòṣì pè, ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nídìí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, “Kóòṣì, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa bá egungun sọ̀rọ̀ kó tó dọjọ́ náà?” A kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní Mowé níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà. Tọ̀hún ní koríko, ó ní àwọ̀n, ó ní báńà gbàgàdà tí wọ́n ya Victor Osimhen sí, bẹ́ẹ̀ Osimhen kò gba ọ̀nà Ọ̀fàdà kọjá rí. Mọ́tò àwọn òbí tò síwájú ìta. Máníjà mú wa wọ ọ́fíìsì, ó ṣí ẹ̀rọ amúlétutù, ó gbé ìwé owó síwájú wa: fọ́ọ̀mù, owó sáà, jẹ́sì oríṣi mẹ́ta, búútù, owó líìgì. Líìgì tí ó ń wí yìí, àwọn akádẹ́mì bíi mélòó kan ló kó ara wọn jọ tí wọ́n ń gbá a ní gbogbo Sátidé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san owó ìwọlé. Òbí kan tí a bá níta ní líìgì tiwọn le ju ti àwọn ará Ìbàfò lọ. Òmíràn ní irọ́ ni, ti àwọn tó ń lọ gbá ní Èkó ló le jù. Wọ́n fà á títí tí ọmọ àkọ́kọ́ fi jẹ góòlù, tí kò sẹ́ni tó rí i nínú wọn.

Orúkọ tó sì pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́ ni Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Láti ọ̀nà Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni Remo Stars wà, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tó wá gba ife líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2025. Kúnlé Ṣónámẹ̀ tó ni ín ló ra ẹgbẹ́ Feirense ní Pọ́túgà ní 2015. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tiwọn, Beyond Limits. Ọmọ bíbí Rẹ́mọ kan ló kó owó rẹ̀ sílé, inú mi dùn sí i gan-an. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo akádẹ́mì orí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló ń gba owó lórí Ìkẹ́nnẹ́ tí kì í ṣe tiwọn: “Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń mú ọmọ.” Mélòó ni wọ́n mú? Ta ni wọ́n mú? Máníjà wa kò dárúkọ ẹnì kan.

Ó wá sọ̀rọ̀ ìrìnàjò òkè òkun. Ó ní bí ọmọ bá ti tó 13, àwọn á gbé e lọ sí Yúróòpù, kó máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ká máa tọ́jú owó físà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tọ́ka sí Osimhen tó wà lórí báńà rẹ̀. Olúsosùn l'Ékòó ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn, ó ta omi nínú gò-sílóò, Ultimate Strikers ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ó jẹ góòlù mẹ́wàá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní Chile ní 2015, gbogbo ayé rí i, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń tò sẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, oṣù Kíní ọdún 2017 ló tó di ọmọ ẹgbẹ́ Wolfsburg ní Jámánì, nítorí ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló pé ọmọ ọdún 18. Òfin FIFA ni: ọmọ tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá fún ẹgbẹ́ ní òmíràn, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀, bíi kí òbí rẹ̀ ti kó lọ sọ́hùn-ún nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Bí Osimhen tó jẹ góòlù mẹ́wàá bá dúró di 18, ọ̀nà wo lọmọ 13 láti Mowé fẹ́ gbà? Ó lè lọ ṣe ìdíje ọ̀sẹ̀ kan kó padà wálé, ìyẹn ò burú. Àmọ́ pé kó máa gbébẹ̀? Ìyá kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà sọ fún wa nígbà tí a jáde pé níbòmíràn tí òun ti san irú owó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kóòṣì kò lọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí a tó kúrò, mo bi máníjà bóyá orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ àti NFF. Ó nawọ́ sí ògiri, ó ní, “Daddy, a ní CAC.” Ìwé CAC náà ni wọ́n fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta símẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, ọmọ tó ń lọ sí ọdún 12 ló kàn jù. Láti sáà tí agbábọ́ọ̀lù bá pé 12 ni òfin FIFA ti ń ka àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà, títí dé 23. Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan bá rà á lọ́wọ́ ti òmíràn kí ìwé àdéhùn rẹ̀ tó tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ tàwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tí Galatasaray ra Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní 2025, mílíọ̀nù 75 owó yúrò ni wọ́n pè é. Ìdá márùn-ún rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti àbọ̀ ó lé. Ẹgbẹ́ tí kò bá ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ, a jẹ́ pé kò tọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Owó á kọjá lọ, pápá ọparun á wà bó ṣe wà.

Ẹnì kan lọ́jà Mowé ló sọ fún Bàbá Ìbejì pé kóòṣì àgbàlagbà kan wà ní Ifọ̀. Ìrìn ọjọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Láti Mowé a lọ sí Bẹ́jà, láti Bẹ́jà a wọ inú Agége, a wọ ọ̀nà Abẹ́òkúta, a dé Sango. Láti Sango síwájú, ihò ń pe ihò. Ọkọ̀ akóyọyọ wà láàárín ọ̀nà, ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, awakọ̀ wa ń bú gómìnà tó ti lọ àti èyí tó wà lórí oyè, ó tún bú èyí tó ń bọ̀. Ìlú Ifọ̀ yìí, ojú irin ló là á já. Irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 ibẹ̀ ló gbà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìdogò. Ayé kan wà tí èèyàn á wọ rélùwéè l'Ékòó, á sọ̀ ní Ifọ̀ láì rí ihò kan. Bàbá Ìbejì ní bí ọmọ òun á bá máa rin ọ̀nà yìí lọ kọ́ bọ́ọ̀lù, kó kúkú lọ máa sá eré ìje.

Pápá kóòṣì náà dagun, bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí apá ìsàlẹ̀, ọmọ kan á sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọgbà ẹ̀gẹ́. Jẹ́sì wọn kò dọ́gba. Mo bi bàbá náà léèrè ọ̀rọ̀ mi. Kò dáhùn. Ó wọ yàrá kékeré kan, ó gbé ìwé lẹ́jà jáde, tí ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì. Ó tú u, ó ṣí i fún mi. Bírò àti rúlà ló fi fa ìlà sí i: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé ìwé, nọ́ńbà òbí. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló gbà mí lọ́kàn, “Ibi tó wà” ló kọ sórí rẹ̀. Mo ń fi ìka wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀. Mẹkáníìkì, Papalanto. Pólì Ìlaròó. Ológun. Télọ̀. Ìkẹ́nnẹ́, lẹ́yìn náà ó fa ìlà sí Ìkẹ́nnẹ́, ó kọ Pólì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń gbá ní NNL. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ó kú, ọ̀kadà. Lára gbogbo orúkọ tó wà lójú ewé méjì náà, ẹnì kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù ń bọ́.

Ó ní, “Alàgbà, ẹ kà á dáadáa. Bí bọ́ọ̀lù ṣe rí nìyẹn.” Ó ní òun kì í gba ọmọ tí kò bá mú káàdì ilé ìwé wá, ẹni tó bá fìdí rẹmi á máa bá wọn sáré, àmọ́ kò ní gbá ní Sátidé. Ó ní ká má wo Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí bí ẹni tó kàn jẹ góòlù méjì nígbà tí a fi 3-0 na Algeria nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980. Ọmọ Pólì Ìbàdàn ni, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ló kà. Ìdí nìyẹn, lójú tirẹ̀, tí Ọdẹ́gbàmí fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi ìwé àti eré ìdárayá ṣe pọ̀ sí Wásinmi, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta yìí kan náà.

Mo ti ń ro bí ọmọ mi á ṣe máa wá sí Ifọ̀. Bàbá náà ló kọ̀. Ó bi mí ní wákàtí tí a lò lọ́nà, mo sọ fún un, ó ká ìwé rẹ̀ padà. “Ọmọ tó bá ti rẹ̀ kó tó dé, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ? Ẹ wá ẹni tó ní irú ìwé yìí nítòsí yín. Tí kò bá ní i, ẹ ra ìwé fún un.”

A rí ọ̀kan ní Mowé, lẹ́yìn ọjà. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kóòṣì náà, kò ní báńà, orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo rí rìsíìtì rẹ̀. Mo bi í léèrè àwọn tó ṣáájú, ó ka ohun tí méje ń ṣe fún mi lórí, ó ní òun kò mọ ti àwọn yòókù. Mo gbé ìwé lẹ́jà tí mo ti rà fún un. Ohun mẹ́ta ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún: kó kọ ọjọ́ orí ọmọ bó ṣe wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ọmọ má fọwọ́ sí ìwé kankan láìjẹ́ pé èmi tàbí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kó má sì pè é sí pápá lọ́sẹ̀ ìdánwò. Ó gba méjì àkọ́kọ́ kí n tó sọ ọ́ tán. Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó họ orí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ ìdánwò sáà kẹta ni ìdíje wa máa ń bọ́ sí, ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo tí mo sì ní nìyẹn.” A ṣì ń fa ìyẹn lọ́wọ́. Ìyá ọmọ ní òun fúnra òun á yà lọ bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, àánú kóòṣì ti ń ṣe mí.