Ẹ Má Dá Àníyàn Gbé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìṣẹ̀rí-Olófin tó wà lẹ́yìn odi,

Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá pé ṣé àlàáfíà ni, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́." Ó lè má fojú ba oorun lálẹ́ àná. Owó ilé lè ti tó san, kí iṣẹ́ alẹ́ máa dúró dè é, kí wọ́n sì tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé owó iléèwé ọmọ kù díẹ̀. "A dúpẹ́" náà ni yóò sọ. Àwọn ará ilé kò yàtọ̀ sí wa. Látìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń wọ dánfó láti Ìṣẹ̀rí lọ sí Ìyànà-Ìpájà lójoojúmọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lórí owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé àyà òun ń já. À ń bo tiwa fún wọn, wọ́n ń bo tiwọn fún wa.

Ohun tí ẹnu bá bò, ara á tú u síta. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákanjúọlá, oníṣègùn ọpọlọ, kọ̀wé lórí àìsàn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ọdẹ orí. Aláìsàn á ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, orí ń gbóná, àyà ń já, oorun ò wá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, ara ni ká kọ́kọ́ tù. Bí àyà bá ń já, ẹ jókòó, ẹ fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ tú u síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí èémí bá ń pẹ́ jáde ju bó ṣe wọlé lọ, àyà tó ń sáré á rọra máa lù. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀sán, pàápàá nígbà òtútù tí ilẹ̀ ń tètè ṣú. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn bí ẹ bá fẹ́ sùn: ìròyìn ajínigbé tí ẹ gbọ́ láàárín òru, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ dá iye tí agbára yín ká fún àwọn ará ilé lóṣooṣù, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn. Àìmọ ohun tí wọ́n máa bèèrè lọ́la máa ń da oorun rú ju owó náà gan-an lọ.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tó dá wà. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sí Abẹ́òkúta, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò tán. Kò dúró de bíríkì. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan á mú ẹbí rẹ̀ kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á sì padà sí abúlé, sáàárín èèyàn. Oògùn wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ Lambo mọ̀ pé ara ẹni tí a yà sọ́tọ̀ kì í tètè yá. Ní 2006, Dókítà Dixon Chibanda gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe: ìyá àgbà 14 ló kọ́kọ́ kọ́ láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n máa fetí sí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní Ìṣẹ̀rí, bí ilẹ̀kùn yín bá ṣì wà ní títì títí di ọ̀sán, ẹnìkan á kàn án. Níbí, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá láìsí ẹni tó bèèrè yín. Kíkan ilẹ̀kùn ara wa ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ gbà ṣe, ju ayẹyẹ ìparí ọdún lọ.

Bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ẹnìkan bá ń rò ó pé ikú yá ju ẹ̀sín, ọ̀rọ̀ ti kọjá èémí àti ìrìn. Ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 988. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe 111, kí ẹ sì tẹ 2. Nílé, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, ẹni tó bá sì tètè lọ ló ń tètè bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Kí oníkálukú wa mú ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí yóò máa pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ pé "a dúpẹ́," ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ rí oorun sùn?"