Adìyẹ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà Lọ́jà

Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni mo bá wá, nítorí láti inú adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Yoko ti ń rówó ìwé ọmọ.

Adìyẹ tí a rà ní Sakété tàbí Pobè lè wọlé pẹ̀lú ara líle. Kó tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń sín, ó ń lanu mí, ìgbẹ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ sì lọ́. Lúkúlúkú nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní «maladie de Newcastle» nílé ìwé, nítorí ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti rí i ní 1926. Kò ní oògùn. Kápúsù tí a ń tú sínú omi kò lè pa á.

Nílé tèmi, àlejò kì í bá onílé jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni adìyẹ tuntun ń lò nínú àgò tirẹ̀, òun la sì ń bọ́ kẹ́yìn. Àwọn ti ilé, a ti kán oògùn àjẹsára sí wọn lójú kí ọyẹ́ tó dé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí adìyẹ bá ti ń sín, àwọn kan a sáré gbé e lọ tà. Opó kan ni yóò rà á, gbogbo adìyẹ rẹ̀ a sì kú tán. Mo bi àwọn ọmọ katikísìmù léèrè òfin tí èyí rú. «Ìkeje,» ni wọ́n wí.

Bí púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ pe dókítà ẹran. Ní 2007 àti 2021, «grippe aviaire», tó lè ran ènìyàn, wọ Benin.